Bí Jẹ́-ń-sinmi Ṣe Kọ́ Láti Béèrè Ìta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yí mi ká, ẹni tó bá ní omi lẹ́nu kó gbé e mì, ẹni tó bá ń jẹ obì kó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Kí Elédùmarè má ṣe jẹ́ kí etí wa di ní ọjọ́ tí ire bá ń pè wá. Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́gbáró, ọmọ a-wọ-igbó-má-ṣìnà, ẹni tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo ti sùn lórí igi kan náà pẹ̀lú ejò rí, àwa méjèèjì sì jí ní àlàáfíà, a kí ara wa, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú mi gbolẹ̀ láyé yìí kì í ṣe ẹfọ̀n, kì í ṣe ejò. Ọmọ ajá ni, tí kò tóbi ju iṣu tí ẹni méjì lè jẹ tán lọ. Ìtọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kò bínú sí rí kò tí ì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí mọ Arógunmásàá, abo ajá mi pupa. Òun ló dúró láàrin èmi àti ìmàdò kan létí odò. Ẹran náà ti gbé mi ṣubú, ìbọn mi ti bọ́ sínú ẹrẹ̀, Arógunmásàá sì fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó dì í mú títí mo fi dìde. Ṣùgbọ́n eyín ìmàdò ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo gbé e délé, ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó fi imú ti ọmọ náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì kú. Mo búra fún òkú ajá, ẹ gbọ́ mi dáadáa, pé ọmọ yìí yóò gbé ilé mi títí irun ẹnu rẹ̀ yóò fi funfun. Mo sọ ọ́ ní Jẹ́-ń-sinmi, nítorí àwọn aládùúgbò kan wà tí ẹnu wọn kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ mi, bí wọ́n bá sì gbọ́ tí mo ń pe ajá, kí wọ́n mú ìpín tiwọn níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí baba mi fi lé mi lọ́wọ́ ni pé ajá ọdẹ tó ń kùn kí ẹran tó yọjú, ọ̀tá ọdẹ ni. Ìdákẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ́ Jẹ́-ń-sinmi. Bó bá ti kùn pẹ́nrẹ́n, màá na ìka sókè, màá ní “Ṣíì!”, màá fi ìka náà ta imú rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọmọ ajá mi ti dákẹ́ bí òkúta ìdí odò. Mo ń yangàn kiri. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́, ìyẹn ni ìta. Ó tọ̀ sínú bàtà mi. Ó tọ̀ sídìí àmù. Ó yàgbẹ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ, a fi ọjọ́ méjì wá eku tó kú, kò sí eku kankan. Mo bá a wí, mo fi imú rẹ̀ kan ilẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí àpáta ni.

Ibẹ̀ ni a wà tí ìyá ìyàwó mi, Ìyá Aláró, fi wá bá wa gbé fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, yóò fi ya ẹyẹ àti ewé sára aṣọ funfun, yóò jẹ́ kó gbẹ, kó tó wá rì í sínú aró. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya aṣọ kan. Ní ọjọ́ kẹrin, a jí, a rí Jẹ́-ń-sinmi tó dúró láàrin aṣọ náà, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ sì ti yọ́ lọ.

“Bàbá Ìgè,” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ohùn tí àna fi ń bínú nìyẹn. “Ẹyẹ mẹ́rìnlá ni mo yà sára aṣọ yìí. Wá bá mi kà á.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, ìyá.”

“Mi ò bínú. Mo ní kó o kà á.”

Mo wo aṣọ náà títí. “Mo rí méjì, ìyá.”

“Ọ̀kan nínú méjì yẹn, ewé ni.”

Àwẹ̀ró ìyàwó mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní, “Bàbá Ìgè, mo ti fẹ́ sọ fún yín tipẹ́ pé ọmọ ajá yìí, láàárọ̀, ó máa ń...”

“Ṣíì,” ni mo wí fún un. “Àgbà ń sọ̀rọ̀.”

Ìyá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá ká aṣọ náà. “Alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ ọjà ń wá ajá tí wọn yóò fi bọ Ògún,” ló wí. “Ọjà ku ọjọ́ mẹ́rin. Bí ajá yìí bá kọ́gbọ́n kó tó dìgbà náà, kó máa gbé. Bí kò bá kọ́gbọ́n, kó lọ bá Ògún, Ògún ò ní aṣọ ẹlẹ́kọ nílé.”

Kí ni mo fẹ́ wí? Àna ni, èmi ni mo jẹ̀bi, alágbẹ̀dẹ ọ̀hún ló sì ń tún ìbọn mi ṣe. Mo wo ọmọ Arógunmásàá tó ń ju ìrù sí mi, kò mọ̀ pé wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Inú mi bàjẹ́. Mo gbàdúrà, mo ní, “Olódùmarè, ìwọ tó fún ewúrẹ́ ní ohùn tó fún ẹja ní ìdákẹ́, má jẹ́ kí n di ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tó dalẹ̀.”

Àwọn baba wa máa ń sọ pé obìnrin kan wà ní àárín Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó gbọ́ èdè gbogbo ohun tó ní ìrù, tí ẹranko kò sì sọ ilẹ̀ ilé rẹ̀ di ẹlẹ́gbin rí. Wọ́n tún ní ọdẹ tó bá mú ajá lọ síbẹ̀ kì í mú un bọ̀. N kò ka ìyẹn sí, nítorí ajá tèmi ti wà lọ́nà àlọ tẹ́lẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo ki Jẹ́-ń-sinmi sínú àpò, mo yọ orí rẹ̀ síta kó lè máa wo ayé, mo mú ọ̀nà igbó pọ̀n.

Mi ò ní fi bí mo ṣe rìn da yín láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀gún ṣe gùn kó lọ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí òòrùn ga díẹ̀, mo dé ibì kan tí ẹyẹ ò ti ké, tí ewé ń já bọ́ tí kò dún, ọkùnrin kan sì jókòó sójú ọ̀nà gan-an, ó ń hun agbọ̀n. Etí kan ṣoṣo ló ní, ó sì fẹ̀ bí ewé kókò, ó bo gbogbo orí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi agboorùn borí.

“Rọra máa mí,” ló wí láìgbójú sókè. “Àwọn èèrà méjì kan ń jà nídìí igi ọ̀hún, mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.”

Mo kí i. Mo ní Ọdẹ́yalé ni orúkọ mi, ọmọ a-wọ-igbó-má-ṣìnà.

“Mo ti gbọ́. Láti ilé rẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ. O sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́. Bóo bá fẹ́ kọjá, dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ohun wo ló wọ ààfin láìṣí fìlà, tó jókòó sórí imú ọba, tí ìjòyè kan ò sì lè bá a wí?”

“Eṣinṣin.”

“Ohun wo ló ń ké pe olówó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí olówó rẹ̀ bá sì ní sùúrù fún un, á tún pariwo sí i?”

“Ikùn,” ni mo wí, tèmi náà sì dáhùn níbẹ̀.

Ọkùnrin náà, tí mo ti sọ ní Elétí-Kókò lọ́kàn mi, rẹ́rìn-ín. Ó fi agbọ̀n sílẹ̀. “Ó dáa. Ọba wo ló gé ahọ́n ìránṣẹ́ rẹ̀, tó wá ń nà án pé kò jíṣẹ́?”

Mo ronú kan gbogbo ọba tí mo mọ̀. Mo ronú kan àwọn tó ti wàjà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

“Ìwọ gan-an ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Máa kọjá lọ. Bóo bá ń bọ̀, wàá fi ìdáhùn sílẹ̀ fún mi níbí. Bóo bá gbàgbé, màá gba etí rẹ méjèèjì, n óò so wọ́n mọ́ tèmi.”

Ọ̀sán gangan ni mo dé ilé obìnrin náà. Ilẹ̀ ilé yẹn, ẹ̀yin ará! Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀. Obìnrin náà ga bí ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, apá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká a lẹ́ẹ̀mẹta mọ́ èjìká bí ìborùn, ojú kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan wà ní ìpàkọ́ tó fi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bóyá ó sọ iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Onílẹ̀-Dídán ló ń jẹ́. Ìgbálẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri rẹ̀. Bí mo ti wọlé, mo rí i pé àwọn ìgbálẹ̀ náà ń mì. Mo tún un wò. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wọ́n ń jù bí ìrù ajá ṣe ń jù nígbà tí àlejò bá dé.

“Bọ́ bàtà rẹ,” ló wí. “Nu ẹsẹ̀ rẹ. Tún un nù. Kí lo wá ṣe?”

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó gbọ́, ó mi orí.

“Èmi náà kì í fúnni ní ọgbọ́n lásán. Jókòó síhìn-ín pẹ̀lú ajá rẹ títí òòrùn yóò fi fara kan orí ìrókò yẹn. Bó bá fẹ́ jáde, kó sọ fún ọ, kóo ṣí ilẹ̀kùn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. O ò gbọdọ̀ gbé e. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá fún ọ ní ọ̀rọ̀ tí o wá gbà. Bó bá tọ̀ sílẹ̀ mi, ìgbálẹ̀ kẹwàá nìyẹn.”

Ẹ ò rí ọgbọ́n àrékérekè? Ẹni tó wá kọ́ wíwẹ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ la odò kọjá kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu jù láti yí ẹ̀yìn padà. Mo ní mo gbà. Obìnrin náà gbé igbá omi kan kalẹ̀ fún Jẹ́-ń-sinmi, igbá tó tó láti fi wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ mi tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ìdájí lá a tán, ó lá ìdí igbá, ó wá wò yíká bóyá òmíràn wà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Jẹ́-ń-sinmi rìn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Ó wá kùn díẹ̀, hun-ùn-ùn, bí ọmọ tó ń bá oorun jà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí nínú ilé àjèjì yìí, ó sì ti mọ́ mi lára. Mo na ìka sókè. Mo ní, “Ṣíì!” Ọmọ ajá náà wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dákẹ́.

“Kí ló sọ fún ọ?” ni obìnrin náà bi mí.

“Kò sọ nǹkan kan.”

“Hẹn-ẹn.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún dìde. Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó padà, ó tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó la ẹnu, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ó wo ìka mi, ó pa ẹnu dé.

“Kí ló sọ?”

“Ìyá, ẹ̀yin náà rí i pé kò sọ nǹkan kan.”

“Ta ló kọ́ ọ pé kó má sọ nǹkan kan?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Mo rántí ìjẹta, níbi tó ti kùn lẹ́nu ilẹ̀kùn ní ìdájí tí mo na ìka sí i láti orí ẹní. Mo rántí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Mo rántí àárọ̀ àná tó ba aṣọ ìyá jẹ́, bó ṣe wá dúró tì mí tó ń kùn, tí mo ta imú rẹ̀, tí mo yí ojú sí ògiri. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń sọ fún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń pa á lẹ́nu mọ́, tí mo sì ń nà án pé kò sọ̀rọ̀.

Ó ti ń yí po lójú kan báyìí, bí wọ́n ṣe ń yí kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ìgbálẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń gbọ̀n lára ògiri. N kò lè gbé e, àdéhùn ni. Kí ni ọdẹ ń ṣe tó bá fẹ́ kí ajá rẹ̀ fọhùn? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí. A máa ń kì í ni. Ṣùgbọ́n n kò kì ọmọ yìí rí, nítorí kò tí ì pa ẹran. Mo fi àyà lé ilẹ̀ dídán náà, èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ajá olóṣù mẹ́rin, mo gbé ohùn sókè:

Jẹ́-ń-sinmi ọmọ Arógunmásàá,
Ọmọ arìn-lórí-ewé-gbígbẹ-má-dún,
Ọmọ agbóòórùn ẹran kí ẹran tó gbóòórùn ẹni.
Ìyá rẹ gbó lẹ́ẹ̀kan, ìmàdò ṣi ọ̀nà ilé;
Ìyá rẹ gbó lẹ́ẹ̀mejì, ẹtu béèrè ẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀.
Ẹnu tí mo fi dè ọ́ ni mo fi tú ọ.
Wí tìrẹ, ọmọ ajá, etí mi wà nílẹ̀.

Ó dúró. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dìde dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òógùn ń kán lágbọ̀n mi. Ọmọ náà rìn tọ̀ mí wá, itan rẹ̀ méjèèjì fún pọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Wọ́ọ̀.” Kò ga ju ohùn ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Mo fa ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Jẹ́-ń-sinmi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ó dé ìdí igbó kan, ó tọ̀. Ó tọ̀ títí mo fi ní àyè láti ka àdúrà ọpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ ni mo ti gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìn mi. Àwọn ìgbálẹ̀ ti já bọ́ lára ògiri. Kíkì tí mo kì ọmọ mi ti tú àwọn náà. Èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀ ti hu ẹsẹ̀, èkejì ti hu etí, ajá mẹ́sàn-án dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde, wọ́n sì tò síwájú ilé Ìyá Onílẹ̀-Dídán, wọ́n ń tọ ìtọ̀ ọdún gbọọrọ.

Obìnrin náà wò wọ́n. “Ta ni yóò máa wá gbálẹ̀ mi?” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì tú apá rẹ̀ kúrò léjìká.

Mo ti gbá Jẹ́-ń-sinmi mú sábẹ́ apá, mo ti sá. Ẹni tó bá ní akin kì í sá kò tí ì rí apá tó ń wọ́ tẹ̀ lé ni nínú igbó bí okùn. Ìka rẹ̀ kan aṣọ mi lẹ́yìn. Mo yí igi àràbà po, apá náà yí i po. Mo bọ́ sábẹ́ gbòǹgbò, apá náà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo wá rántí ọkùnrin tó ń hun agbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín igi, mo ń jáde, òkè lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí apá náà fi hun ara rẹ̀ mọ́ igi méje, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, inú ń bí i, ṣùgbọ́n olódodo ni. “Ọdẹ, gba ohun tí mo ṣèlérí. Nínú igbó, jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Nílé, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà yòówù tó bá sọ ọ́, dìde. Ọjọ́ tó bá sọ tí o ní ó di ẹ̀ẹ̀kan ná, ọjọ́ náà ni yóò gbàgbé èdè yẹn.”

Elétí-Kókò ti na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Mi ò dúró. Mo fò ó kọjá, mo ní, “Èmi ni ọba náà!” Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí mo fi jáde nínú igbó. Àwọn ajá mẹ́sàn-án yà sí ọ̀nà ìlú kálukú wọn.

Ọjọ́ méjì gbáko ló kù fún mi. Bí Jẹ́-ń-sinmi bá jí, bó bá jẹun, bó bá ṣeré tán, màá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, màá ní “Ìta”, a ó jáde lọ sídìí ewúro. Bó bá ti ṣe tán, màá kì í, màá fún un ní ẹran ẹtu gbígbẹ díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọmọ aráyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ẹran ló ń wá. Mo dìde nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá jáde nìkan ni ẹran ń jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, a ti gbọ́ ara wa yé.

Ọjọ́ ọjà pé. Mo wà lẹ́yìn ilé, mo ń wẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Láti orí ògiri balùwẹ̀ mo ń wo Ìyá Aláró láti ojú fèrèsé, ó jókòó ti aṣọ tuntun, ó ti fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹyẹ mẹ́fà. Jẹ́-ń-sinmi jí. Ó wò yíká, kò rí mi. Ó yí aṣọ náà ká, kò tẹ̀ ẹ́. Ó lọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹsẹ̀ ìyá.

“Kí lo fẹ́?” ni ìyá wí. “Mi ò ní ẹran.”

Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìyá wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀. Ó ki ìyẹ́ adìẹ bọ irun rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí ajá náà padà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àpótí tí ìyá fi ń jókòó, ìyá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹyẹ keje.

Mo sáré fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lára, mo wọlé wá dọ̀bálẹ̀.

“Rán ìránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ,” ló wí. “Kó wá ajá mìíràn. Èyí ní ìwà ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́.”

Ó fi ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. “Wọ́n kọ́ ọ dé ibo? Nítorí láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí ni mo ti ń gbọ́ ṣíì rẹ. Ó kan ajá, ó kan ewúrẹ́, ó kan ọmọ tèmi náà.”

Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwẹ̀ró ń gún iṣu, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Mo jókòó sórí ìdí igi tó wà níbẹ̀.

“Ìyá Ìgè,” ni mo wí, “kí ni ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ tí mo ní kó o dákẹ́?”

Ó dá ọmọ odó dúró lókè. Ó wò mí bóyá ara mi yá.

“Èwo nínú wọn?” ló wí.

Ẹ̀yin ará, mo sún mọ́ ọn sí i. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ó gbé ọmọ odó kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, iṣu sì tutù sínú odó, a kò sì bìkítà. Ẹni tí Elédùmarè fi ṣe olóhùn nílé yín, kí ó má ṣe yadi nítorí yín. Ẹ máa rọra lọ. Ẹ kí ará ilé, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì.